Ife Bíà Tí Ìyá Rúká Kò Mu

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ yàn. Wọ́n fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó ṣáájú níbẹ̀ ni pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò fi ìwé tí ẹ kà ṣiṣẹ́?" N kò tíì jókòó, wọ́n ti dá mi lẹ́bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá pe àgbà wá sọ̀rọ̀ kì í kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ gbá àga rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára dáhùn, kí a lè ráyè sọ ọ̀rọ̀ gidi. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé ní Chicago níbí, mo gba oyè, mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ìka mi fi wú, kò sẹ́ni tó gbà mí. Ìyàwó mi sì lóyún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1980 ni mo rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé ilé ọtí kan pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ nílé ìdáná. Wọ́n bi mí bóyá mo lè fi wákàtí mẹ́wàá dúró lórí ẹsẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó parí. Owó tí wọ́n ń san kò tó nǹkan, mo sì lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn owó, kó lọ bá àwọn tó rí i. Ohun tí èmi fẹ́ sọ ni bí iṣẹ́ yìí ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ ìyàwó mi jẹ́, àti ọwọ́ tí èmi fúnra mi ní nínú rẹ̀.

Ilé ọtí náà ní ẹ̀ka mẹ́sàn-án ní Chicago àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ọ̀kan tilẹ̀ wà ní Joliet. N kò ní dárúkọ wọn. Gbogbo ẹ̀ka ló rí bákan náà: kápẹ́ẹ̀tì pupa, tábìlì tó ń mì, iná tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, àti pátákó lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwo oúnjẹ kan pẹ̀lú ife bíà kan, iye kan náà, lójoojúmọ́. Iye náà kéré débi pé àwọn èèyàn á kà á lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n á wá jókòó fún wákàtí mẹ́rin lórí àwo kan ṣoṣo. Ẹni tó bá san owó díẹ̀ ni yóò béèrè ohun púpọ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó máa ń jẹ ẹja rẹ̀ títí yóò fi ku egungun, tí yóò wá dá egungun náà padà pé ó tutù. Mo mọ obìnrin kan tó máa ń kó gbogbo ṣúgà orí tábìlì sínú àpò, tí yóò sì pè wá pé kò sí ṣúgà lórí tábìlì òun. Síbẹ̀ n kò lè bá wọn jà. Àwọn ilé iṣẹ́ irin ń tì nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tó ń jẹun níbẹ̀ ni wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Oúnjẹ gbígbóná kan ṣoṣo tí wọ́n ń rí lóòjọ́ ni àwo yẹn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Miss Earline, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó wá láti Mississippi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n kúrú, bàtà ọkùnrin ni wọ́n ń wọ̀. Ní ọjọ́ kìíní mo sọ fún wọn pé Mùsùlùmí ni mí, n kì í fọwọ́ kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"O wá ṣiṣẹ́ nílé ọtí. O kì í mu ọtí. O kì í fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀. Kí wá lo wá ṣe?"

"Mo lè dín ẹja, mà."

"Ó dáa. Ìwọ ni ẹlẹ́ja. Bí ẹja kan bá jóná, ìwọ ni n ó dín tẹ̀lé e."

Oṣù méjì gbáko ni mo fi bó ọ̀dùnkún kí wọ́n tó jẹ́ kí n dé ibi òróró. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní kí n kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n ní kí n má fi ojú wo ẹja, kí n fi etí gbọ́ ọ. Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òróró máa ń pariwo bí òjò lórí páànù. Bí omi inú rẹ̀ bá ti ń tán, ariwo náà á máa rẹlẹ̀. Ìgbà kan á wá dé tí yóò kù bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú. Ìgbà yẹn ló jinná. Bí mo bá tètè pè é pé ó ti jinná, Miss Earline á já ẹja náà sí méjì lójú mi, wọ́n á fi hàn mí pé inú rẹ̀ ṣì ń dán, wọ́n á sì ní kí n jẹ ẹ́. Mo jẹ ọ̀pọ̀ ẹja tútù ní ọdún yẹn.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó pa mí lára ju gbogbo èyí lọ. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbọdọ̀ kúrò lára irin tí a fi ń yí ẹja. Ọwọ́ òsì ni a fi ń ti àwo jáde lójú fèrèsé tó wà láàárín ilé ìdáná àti ibi ìjókòó, fún Dolores tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà. Dolores ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí i? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti pé ká fi gbé oúnjẹ fún àgbà. Nítorí náà, bí àwo kan bá fẹ́ jáde, màá gbé irin sílẹ̀, màá yí gbogbo ara padà, màá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, màá sì tẹrí ba díẹ̀. Ẹja tó kù nínú òróró kì í dúró dè mí.

"Ta lò ń kí?" Miss Earline bi mí.

"Dolores ni, mà."

"Dolores, ṣé ìkíni lo fẹ́?"

"Ẹja mẹ́fà ni mo fẹ́," ni Dolores dáhùn láti ojú fèrèsé, "kí n tó kú."

Ní ọjọ́ kejì, Miss Earline fi okùn épírọ́ọ̀nù so ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ bẹ́líìtì. Àwọn fúnra wọn dúró ti òróró, èmi ń fi ọwọ́ òsì ti àwo jáde láti aago mọ́kànlá àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Ojú tì mí débi pé mò ń bẹ Dolores ní Yorùbá ní gbogbo ìgbà tí mo bá na àwo sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ òsì mi mọ iṣẹ́ ju ọ̀tún lọ. Ìyẹn náà tún wá di wàhálà tirẹ̀.

Kí ẹ lè mọ irú wàhálà tó jẹ́, ó yẹ kí n sọ irọ́ tí mo pa. À ń gbé ní South Shore nígbà náà, nínú ilé alájà mẹ́ta kan, a sì wà nínú ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Yorùbá tó ń pàdé lọ́jọọ́ Sunday ní yàrá abẹ́ ilé kan ládùúgbò wa. Alhaji Làsísì ni alága, takisí ni wọ́n ń wà. Èmi ni akọ̀wé, nítorí pé mo kàwé. Ìyàwó mi, Ìyá Rúká, ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Ohùn rẹ̀ dùn bó bá ń ké Kùránì, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé kì í na ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Alhaji bi mí níbi tí mo ti ríṣẹ́, mo ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan láàárín ìlú ni. Mo rò ó pé oṣù mẹ́ta péré ni n ó lò nílé ọtí, kí irọ́ náà tó tó ohun tí a ń pè ní irọ́. Irọ́ dà bí ẹja tí a fi ìyẹ̀fun bò: bó bá ti wọ òróró, wíwú ló ń wú. Láàárọ̀, táì ni mò ń so jáde nílé, pẹ̀lú àpò aláwọ kan lọ́wọ́ bí ọmọ ọ́fíìsì. Épírọ́ọ̀nù ló wà nínú àpò náà. Ní ọjọ́ kan nípàdé, mo fi ọwọ́ òsì na ìwé àkọsílẹ̀ sí Alhaji láìmọ̀. Wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n wò mí. "Akọ̀wé, irú adójútòfò wo nìyí?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dé inú mi.

Ìyá Rúká mọ òótọ́, kò sì fi ẹnu kàn án fún ẹnikẹ́ni. Ọsibítù kan tó wà nítòsí ilé ọtí wa ló ti ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, láti aago mẹ́ta ọ̀sán títí di aago mọ́kànlá. Mo ń jáde nílé kí òun tó jí. Mo ti sùn kó tó wọlé. Ọjọ́ Sunday, ẹgbẹ́ ló ni wá. Bí a ṣe wá ṣe é ni pé yóò fi Rúká sọ́dọ̀ aládùúgbò wa, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin, yóò sì yà sílé ọtí wa ní aago méjì, nígbà tí ogun ọ̀sán bá ti rọlẹ̀, láti jẹ àwo olówó pọ́ọ́kú kan kó tó lọ síbi iṣẹ́. Òfin ni pé alásè kò gbọdọ̀ bá oníbàárà jókòó. Nítorí náà tábìlì tó sún mọ́ fèrèsé ilé ìdáná jù lọ ló máa ń jókòó sí, a ó sì máa gba ojú fèrèsé sọ̀rọ̀. Ààbọ̀ wákàtí lóòjọ́. Ìgbéyàwó wa lọ́dún méjì yẹn, ojú fèrèsé yẹn ló wà.

"Bàbá Rúká, ikọ́ ọmọ yìí kò lọ."

"Ṣé o fún un lóògùn?"

"Mo fún un. Ó tu ú sí mi lára. Ẹ wo aṣọ mi."

"Kò hàn."

"Ẹ kò wò ó ni. Ẹja lẹ̀ ń wò."

Bíà ló wá kù. Bí o bá ní o kò fẹ́ bíà, iye oúnjẹ kò dín. Bí o bá fẹ́ kóòkì dípò rẹ̀, wàá fi owó kún un. Ìyá Rúká ní òun kò ní san owó lé owó nítorí omi dídùn. Ó bẹ Dolores pé kó gbé omi wá, kó fi bíà sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Dolores ní, "Ọmọ mi, ohun tí ìwé oúnjẹ bá kọ ni ọkùnrin tó wà nídìí bíà ń pọn. Bí mo bá dá a padà, wọ́n á ní èmi ni mo fẹ́ mu ún." Bẹ́ẹ̀ ni ife bíà ṣe ń wá lójoojúmọ́, tí yóò dúró níwájú ìyàwó mi tó wé gèlè, tí yóò máa hó.

Ọkùnrin kan máa ń jókòó sí tábìlì kejì, Mr. Walter, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin tí wọ́n ti dá dúró. Ní ọjọ́ kẹta, kò lè mú un mọ́ra.

"Màdáámú, ṣé ẹ máa mu ìyẹn?"

"Rárá o. Ẹ̀sìn mi kò gbà á."

"Kí Ọlọ́run bù kún ẹ̀sìn yín."

Láti ọjọ́ náà, Mr. Walter ló ń mu bíà Ìyá Rúká. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni. Ó ní kò dára kí ọkùnrin na ọwọ́ sórí tábìlì obìnrin tó ń jẹun lọ́wọ́. Kì í fọwọ́ kan ife náà títí Ìyá Rúká yóò fi dìde. Ìwà rere yìí ló kó bá wa.

Ẹ ó retí pé kí n sọ̀rọ̀ iná báyìí, torí ìtàn alásè kì í ṣe aláìníná. Iná ṣẹ́ yọ lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi. Miss Earline dé ọmọrí lé e, iṣẹ́ sì ń lọ. Àjálù tó dé bá mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ìtọ̀ ló fà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà òtútù, Alhaji Làsísì já èrò kan sílẹ̀ nítòsí ilé ọtí wa. Òtútù Chicago kì í jẹ́ kí ìtọ̀ àgbà ní sùúrù. Ilé tí wọ́n rí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí ni wọ́n wọ̀.

Mo rí fìlà wọn láti ojú fèrèsé kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Kí ni mo ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun. Èmi, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, olóyè yunifásítì. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí àga Ìyá Rúká ró, mo sì mọ̀ pé ó ti kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà, Alhaji."

Ẹ̀rín tí Ìyá Rúká ń bá mi rín ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí Alhaji wọlé; wọn kò rí ẹni tó ń bá rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n rí ni ife tó kún fún bíà níwájú olùkọ́ kéú. "Astaghfirullah," ni wọ́n wí. Wọ́n wá lọ tọ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n lọ tọ̀ ná. Wọ́n jáde, wọ́n tún wo ife náà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì lọ.

"Ta lò ń sá fún?" ni Miss Earline bi mí. "Ṣé ọlọ́pàá ni?"

"Rárá, mà. Àgbà wa ni."

"Dìde nínú ìyẹ̀fun mi."

Nígbà tí mo dìde, Ìyá Rúká ń wò mí láti ojú fèrèsé. Ìyẹ̀fun kún irùngbọ̀n mi. Ó dìde, ó lọ síbi iṣẹ́.

Nípàdé ọjọ́ Sunday, wọ́n ní kí àwọn ọmọdé bọ́ síta. Ìwé àkọsílẹ̀ wà lórí itan mi. Alhaji gbé ohùn wọn sílẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ilé ẹjọ́.

"Ìyá Rúká, níbo lo wà lọ́jọ́rú, aago méjì ọ̀sán?"

"Mo lọ jẹun, sà."

"Ilé ọtí ni wọ́n ti ń jẹun?"

"Wọ́n ń ta ẹja níbẹ̀, sà. Ẹja ni mo jẹ."

"Ṣé inú ife ni ẹja náà wà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà tán.

"Bíà náà máa ń bá àwo wá ni, sà, bí èèyàn fẹ́ bí èèyàn kọ̀. N kò mu ún. N kò mu ọtí rí láyé mi."

"Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

Ó yí ojú sí mi. Mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ wà lára mi, nítorí pé n kò gbé orí sókè. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Alhaji béèrè ẹlẹ́rìí." Mo fi àmì ohùn sí i. Ó dúró dè mí pẹ́, ó pẹ́ débi pé ẹnìkan húkọ́.

"Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, sà," ló wí nígbẹ̀yìn.

Wọ́n ní kó fi àwọn ọmọ kéú sílẹ̀ títí yóò fi wá tọrọ àforíjì lójú gbogbo ẹgbẹ́. Èmi ni mo kọ ìyẹn náà, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Nígbà tí a délé, ó ní kí n fi ìwé náà han òun. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó pa á dé, ó dá a padà fún mi. "Ẹ kọ ọ́ dáadáa," ló wí. "Ọwọ́ ìkọ̀wé yín mọ́."

Kò wá jẹun mọ́. Mo gbọ́ pé búrẹ́dì ló ń jẹ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni a fi gbé ilé kan náà láìrí ara wa, àfi lọ́jọ́ Sunday, tí yóò jókòó ní ẹ̀yìn yàrá, tí wọ́n ti fi ọkùnrin kan rọ́pò rẹ̀ níbi kéú, ọkùnrin tó ń na àwọn ọmọ. Àwọn obìnrin tó máa ń bá a gbé àga súnmọ́ra tẹ́lẹ̀ ń fi àlàfo àga kan sílẹ̀ láàárín àwọn àti òun. Àforíjì kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀, kò sì tọrọ rẹ̀, nítorí pé kò ṣẹ̀.

Láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ni ilé iṣẹ́ gbé máíkírówéfù àti ẹja dídì wọlé, kí n sọ ọ́ níbí kí n má bàa gbàgbé, torí ẹ béèrè nípa irinṣẹ́. Ẹja náà ti wọ ìyẹ̀fun láti ilé ẹ̀rọ wá. Aago kékeré kan wà tó ń ké bó bá jinná. Miss Earline fi etí sí òróró, wọ́n mi orí. "Gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé oúnjẹ jáde, lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà lórí ògiri tó ń yí pupa bí o bá pẹ́. Nígbà tí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n mọ bí a ti ń fa ọ̀rá ẹja dídì ya, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ariwo ẹja. Wọ́n ń pe ara wọn ní alásè. Mo ṣáà ń wò wọ́n.

Mr. Walter ló tú mi ká. Ó ti béèrè Màdáámú lọ́wọ́ Dolores títí, n kò sì mọ̀ bóyá ìyàwó mi ló ń wá tàbí bíà rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó wá sójú fèrèsé fúnra rẹ̀. Mo sọ fún un ní ṣókí pé àwọn àgbà wa rí ife náà, wọ́n sì ní ó mu ún.

"Ó mu ún kẹ̀? Èmi ni mo mu ún! Gbogbo rẹ̀!" Ó bọ́ fìlà. "Níbo ni wọ́n ti ń ṣèpàdé? N ó wá. Mo ní kóòtù dúdú kan. N ó dúró níwájú wọn, n ó sọ pé èmi Walter ni mo mu ún, láti ọjọ́ kìíní."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà."

"Ìyọnu wo? Ẹlẹ́rìí ni mí. Ṣé kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn ni?"

Mo padà sídìí òróró. Ọ̀mùtí ṣe tán láti wọ kóòtù nítorí ìyàwó mi. Èmi tí mo fẹ́ ẹ ń kọ ìwé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ fún wa pé a lè jókòó máa wo òótọ́ kó máa bọ̀, kí ìtìjú má sì jẹ́ kí a dìde pàdé rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, mo ṣiṣẹ́ àárọ̀, n kò sì wẹ̀. N kò pàrọ̀ aṣọ. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí South Shore pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù lọ́rùn, òróró lápá, mo sì wọlé nígbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji, mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Alásè ni mí. Ilé ọtí tí ẹ ti bá ìyàwó mi, ibẹ̀ ni mo ti ń dín ẹja. Ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wá jẹun. Ọkùnrin kan ló ń mu bíà náà bí ìyàwó mi bá ti dìde. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wọlé. Mo sá sẹ́yìn ìyẹ̀fun."

"Adójútòfò ńkọ́?" ni Alhaji béèrè.

"Kò sí, sà."

"Abájọ tó fi ń rùn bí òróró àkàrà!" ni ẹnìkan wí lẹ́yìn, àwọn èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo ti fi ọdún mẹ́ta sá fún. Ó dé, ó tán, mo ṣì wà lórí ìdúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, gbogbo ìmọ̀ràn mi nìyẹn: ìtìjú kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alhaji nu ojú wọn. Wọ́n ní èmi kì í ṣe akọ̀wé mọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní níwọ̀n bí ọkọ ti jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ti tán. Kí Ìyá Rúká gba àwọn ọmọ kéú rẹ̀ padà. Gbogbo wa ń retí kó wí pé "àlùbáríkà". Ìyá Rúká dìde ní ẹ̀yìn yàrá, ó wá síwájú, ó kúnlẹ̀ bó ti yẹ.

"Ẹ ṣé, sà. Ohun tí ọkọ mi sọ lónìí pé n kò mu ún, mo ti sọ ọ́ níbí ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá sẹ́yìn. Kò tó nígbà náà. Ó wá tó lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá àwọn ọmọ wá olùkọ́ mìíràn. N kò lè kọ́ wọn pé òótọ́ dára níbi tí wọ́n ti ń wo ẹnu tó ti jáde."

Kò kọ́ wọn mọ́ láéláé. Alhaji fúnra wọn wá bẹ̀ ẹ́ nílé lẹ́ẹ̀mejì. Ó se oúnjẹ fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́, ó sì kọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ní aago méjì ọ̀sán, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé. Ó ti jókòó sí tábìlì rẹ̀. Ẹja ti wà níwájú rẹ̀, bíà ti wà níbẹ̀ tó ń hó.

"Dolores, jọ̀ọ́ bá mi pe alásè."

Oníbàárà kì í pe alásè fún ire. Miss Earline gba irin lọ́wọ́ mi. "Lọ. Ìwọ lo dín in."

Mo nu ọwọ́, mo jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa náà pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹja yìí kò níyọ̀," ni Ìyá Rúká wí.

"Kò níyọ̀ báwo?"

"Kò níyọ̀ rí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹ ẹ́."

"Ọdún méjì! Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mò ń bá yín pa irọ́ náà mọ́ ni. Mo rò pé bí mo bá fọwọ́ kan apá kan, gbogbo rẹ̀ á dà. Ó ti dà báyìí. Ẹ lọ fi iyọ̀ sí i."

"Kí ló ń sọ?" ni Mr. Walter béèrè láti tábìlì rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó fi orí dáhùn. "Òótọ́ ni. Kò níyọ̀ rárá."

"Ta ló ní ẹja mi kò níyọ̀?" ni Miss Earline kígbe láti inú lọ́hùn-ún.

Láti ọjọ́ náà, kò sí oúnjẹ tí mo sè tí ìyàwó mi kò rí nǹkan wí sí. A kó lọ sí Olympia Fields, Rúká dàgbà, ó bí ọmọ tirẹ̀, mo fẹ̀yìn tì, mo wá ń dáná nílé. Ìyàwó mi ṣì ń wí. Iyọ̀ kéré. Iyọ̀ pọ̀. Ẹja yìí gbẹ. Ta ló kọ́ yín? Ó máa ń bí mi nínú débi pé màá fi àwo sílẹ̀ fún un, màá jáde lọ jókòó sínú mọ́tò.

Ìyá Rúká kú ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ń wá lópin ọ̀sẹ̀, mo sì ń dín ẹja fún wọn. "Daddy, ó dùn." Ohun gbogbo ló dùn lẹ́nu wọn, kí ni alásè fẹ́ fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ṣe? Lánàá, mo dá dín ọ̀kan fún ara mi. Mo fi etí gbọ́ ọ títí ó fi jinná. Mo fi iyọ̀ sí i, mo tọ́ ọ wò, mo tún fi díẹ̀ kún un, mo sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, n kò mọ̀ bóyá ó tó.